Hillary ló borí ní California, New York àti Ohio, báwo ni Obama ṣe wá gba tíkẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn lọ́wọ́ ní 2008?

Ọmọ_Àkànkẹ́:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ bí ìdìbò abẹ́lé Amẹ́ríkà ṣe ń lọ dáadáa ni mo fẹ́ kó là mí lóye. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti ń fa ọ̀rọ̀ yìí bọ̀, kò sì tíì tán. Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi ń sọ ni pé kì í ṣe ìbò aráàlú ló fún Sẹ́nétọ̀ Obama ní tíkẹ́ẹ̀tì ẹgbẹ́ Démókíráàtì lọ́dún 2008, wọ́n ní àwọn àgbààgbà ẹgbẹ́ ló kóra jọ tí wọ́n já a gbà lọ́wọ́ Hillary Clinton, wọ́n ní ṣebí àwọn súpà dẹ́lígéètì, ìyẹn àwọn àgbà ẹgbẹ́ tí ìbò aráàlú ò dè, ló parí ẹ̀. Ẹ̀rí tí wọ́n ń mú wá ni pé Hillary ló borí ní California, òun ló borí ní New York, New Jersey, Massachusetts, Ohio, Pennsylvania, kódà Texas náà òun ni ìbò ẹ̀ pọ̀ jù. Wọ́n ní kí n ṣàlàyé fún àwọn bí ẹni tó borí níbi tó tóbi tó báyẹn ṣe máa pàdánù.

Mi ò gbà, àmọ́ mi ò ní àlàyé tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ tí mo lè fi dá wọn lóhùn. Gbogbo ohun tí mo rí kà ló ń sọ pé Obama mọ ọ̀rọ̀ sọ. Látìgbà tó ti sọ̀rọ̀ níbi àpérò ẹgbẹ́ ní Boston lọ́dún 2004 ni gbogbo ayé ti mọ ìyẹn, àmọ́ ẹni tó jẹ́ pé oṣù kìíní 2005 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ búra wọlé gẹ́gẹ́ bíi sẹ́nétọ̀, tó wá jáde lọ́jọ́ 10 oṣù kejì 2007 nínú òtútù ní Springfield pé òun fẹ́ ṣe ààrẹ, ọdún méjì péré ló tíì lò nílé aṣòfin àgbà. Hillary ti wà ńbẹ̀ láti 2001, ọkọ ẹ̀ ti ṣe ààrẹ fún ọdún mẹ́jọ, gbogbo olówó tó wà nínú ẹgbẹ́ ló mọ̀ wọ́n. Ibo gan-an lẹsẹ̀ Hillary ti yọ̀? Bí wọ́n ṣe ń ka ìbò yẹn ni mo fẹ́ mọ̀ o, ẹ jọ̀ọ́.

Gbénró:

Àbúrò mi, ìbéèrè gidi lo bi yìí, ìdáhùn ẹ̀ sì wà. Sọ fún ẹ̀gbọ́n ẹ pé lọ́dọ̀ àwọn Démókíráàtì, èèyàn lè borí ní ìpínlẹ̀ ńlá kan kó má sì fi bẹ́ẹ̀ rí nǹkan mú kúrò ńbẹ̀. Dẹ́lígéètì ni wọ́n ń kà, ìyẹn àwọn aṣojú tó máa lọ yan olùdíje níbi àpérò ẹgbẹ́, bí ìbò bá sì ṣe rí ni wọ́n ṣe ń pín in, ẹni tó bá ṣáà ti ní ìbò 15 nínú 100 á rí tiẹ̀ gbà. Ẹni tó fi ìbò díẹ̀ borí, dẹ́lígéètì díẹ̀ ló máa fi ju ẹnì kejì lọ.

Wá wo Super Tuesday, ọjọ́ 5 oṣù kejì 2008, ìpínlẹ̀ 22 ló dìbò lọ́jọ́ kan ṣoṣo yẹn. New Jersey wà ńbẹ̀, Idaho náà wà ńbẹ̀. Ní New Jersey dẹ́lígéètì 107 ni wọ́n fẹ́ pín, Hillary borí, ó kó 59, Obama kó 48, ó túmọ̀ sí pé Hillary fi 11 jù ú lọ. Idaho wá, ìpínlẹ̀ tí kò sí Démókíráàtì tó borí ńbẹ̀ nínú ìdìbò ààrẹ látọdún 1964, dẹ́lígéètì 18 péré ni wọ́n ní, Obama kó 15, Hillary kó 3. Obama fi 12 jù ú. New Jersey tó tóbi tóyẹn, tí owó tẹlifíṣọ̀n ẹ̀ lè gba gbogbo àpò èèyàn, Idaho tí kò sẹ́ni tó kà á sí ló pa á rẹ́, ó tún wá fi ọ̀kan lé e. Obama fúnra ẹ̀ lọ sí Boise nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló jáde wá gbọ́ ọ, nínú ìpínlẹ̀ táwọn Démókíráàtì ibẹ̀ ti ń rò pé ẹgbẹ́ ti gbàgbé àwọn.

Ohun kejì tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ rèé. Púpọ̀ nínú dẹ́lígéètì ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, agbègbè kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì, ìyẹn agbègbè tó ń yan ẹnì kan sílé aṣojú-ṣòfin, ni wọ́n ti ń pín in, agbègbè kan lè ní 4, òmíràn lè ní 5 tàbí 6. Ká ní agbègbè kan ní 4, ìwọ ní ìbò 60 nínú 100, èmi ní 40. Méjì méjì la máa gbà, bí ìyá tó pín ẹran mẹ́rin fún ọmọ méjì. Àfi tó o bá kọjá 62.5 kó o tó lè gba 3. Àmọ́ agbègbè tó bá ní 5, ìbò kan ṣoṣo tó o bá fi jù mí báyìí, o ti gba 3, mo gba 2. Ẹni tó bá mọ èyí dáadáa á mọ ibi tó yẹ kóun náwó sí, á sì mọ ibi tóun lè fi sílẹ̀. Àwọn tó ń darí kámpéènì Obama ní Chicago, David Plouffe àtàwọn tó kù, ìṣirò yìí ni wọ́n ń jẹ ni wọ́n ń mu. Ti Hillary, lójú tèmi o, wọ́n gbà pé tó bá máa di alẹ́ Super Tuesday gbogbo ẹ̀ ti parí, torí náà wọn ò múra sílẹ̀ fáwọn ibi tó ń bọ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Láàárín ọjọ́ 9 sí ọjọ́ 19 oṣù kejì, ibi 11 ni wọ́n ti dìbò, Louisiana, Nebraska, Washington, Maine, Virginia, Maryland, Wisconsin, Hawaii àtàwọn tó kù, Obama ló gba gbogbo ẹ̀ léra léra, àwọn ibòmíràn sì wà tó jẹ́ pé ìlọ́po méjì ìbò Hillary ló ní.

Ibẹ̀ lẹsẹ̀ ti yọ̀, àbúrò. Lẹ́yìn ìyẹn, kí Hillary kàn borí ò tó mọ́, ó ní láti fi òkè gíga borí níbi gbogbo kó tó lè bá a, òfin pínpín yẹn ò sì ní jẹ́. Pennsylvania tí ẹ̀gbọ́n ẹ dárúkọ, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko ni wọ́n fi jà síbẹ̀, Hillary ní ìbò bíi 55 nínú 100 lọ́jọ́ 22 oṣù kẹrin. Dẹ́lígéètì 85 ló gbà, Obama gba 73. Ó fi 12 jù ú. Iye tí Obama rí ní Idaho nìyẹn.

Túndé_Aṣèṣirò:

Ẹ kú àlàyé, ẹ̀gbọ́n Gbénró. Kí n kàn fi Missouri kún un torí ó mú un yéni kíákíá. Ọjọ́ kan náà, ìpínlẹ̀ kan náà, ẹgbẹ́ méjèèjì dìbò. Lọ́dọ̀ Démókíráàtì Obama fi bíńtín borí Hillary, wọ́n pín dẹ́lígéètì 36 sí 36. Lọ́dọ̀ Rìpọ́blíkánì, McCain ní bíi 33 nínú 100, Huckabee ní bíi 32 tàbí kó dín díẹ̀, McCain kó gbogbo 58 lọ, Huckabee ò rí ẹyọ kan. Òfin àwọn yẹn nípìnlẹ̀ yẹn ni pé ẹni tó borí ló ni ín. Ìdí nìyẹn tí McCain, sẹ́nétọ̀ lòun náà, tí owó kámpéènì ẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ tán láàárín ọdún 2007, fi parí tiẹ̀ lọ́jọ́ 4 oṣù kẹta, táwọn Démókíráàtì ṣì ń fà á títí wọ oṣù kẹfà. Ká ní òfin Rìpọ́blíkánì yẹn ni Hillary bá díje ni, ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n Ọmọ_Àkànkẹ́ ì bá rí bí wọ́n ṣe sọ ọ́.

Olóòótọ́_Ọ̀rọ̀:

Mo ka gbogbo ẹ̀ mo sì gbà á, àmọ́ ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn díẹ̀, torí ìṣirò yẹn ò ní wúlò fún ẹni tí kò sí lórí pápá mọ́. Biden wà nínú ìdíje yẹn, Dodd wà ńbẹ̀, sẹ́nétọ̀ tó ti pẹ́ gan-an làwọn méjèèjì, alẹ́ Iowa ni tiwọn parí. Ẹ máa rántí pé Obama náà lè parí lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Iowa, ọjọ́ 3 oṣù kìíní 2008. Àwọn aláwọ̀ funfun ló pọ̀ jù níbẹ̀, ó pọ̀ gan-an ni. Kọ́kọ́ọ̀sì Démókíráàtì ibẹ̀ nígbà yẹn, ìyẹn ìpàdé àdúgbò tí wọ́n fi ń yan olùdíje, kì í ṣe pé kéèyàn wọ ibì kan lọ tẹ ìka, ẹ máa jáde nílé nínú òtútù alẹ́, ẹ máa wọ yàrá ìkàwé tàbí gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ti Obama á dúró sí igun kan, ti Hillary sí igun kejì, ti John Edwards tóun náà ń díje sí ìkẹta, kí gbogbo aládùúgbò máa rí yín. Igun tí èèyàn ẹ̀ ò bá tó 15 nínú 100 máa túká ni, àwọn tó wà ńbẹ̀ á wá máa wá igun mìíràn lọ, àwọn tó kù á sì máa pè wọ́n pé ẹ máa bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Nítorí náà kéèyàn jẹ́ ẹni àyànfẹ́ kejì fáwọn ẹlòmíràn ní owó nínú. Bíi 240,000 èèyàn ló jáde, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì tọdún 2004, àwọn ọ̀dọ́ àtàwọn tí kò ṣe kọ́kọ́ọ̀sì rí láyé wọn ló pọ̀ nínú àwọn tó kún un. Obama ní bíi 38, Edwards 30, Hillary ṣe ipò kẹta pẹ̀lú ohun tó lé díẹ̀ ní 29.

Ohun tí Iowa ṣe ni pé ó yí ọkàn àwọn adúláwọ̀ padà ní South Carolina. Ọ̀pọ̀ wọn ló nífẹ̀ẹ́ ìdílé Clinton látayébáyé, ohun tó sì ń dá wọn dúró lórí Obama ni pé ṣé àwọn òyìnbó á dìbò fún un, wọn ò fẹ́ fi ìbò wọn ṣòfò. Nígbà tí Iowa ti dáhùn, tó fi máa di ọjọ́ 26 oṣù kìíní, Obama gba South Carolina pẹ̀lú 55, Hillary 27. Ìlọ́po méjì ni. Láàárín méjèèjì Hillary ti gba New Hampshire o, mi ò gbàgbé, 39 sí bíi 37, àmọ́ dẹ́lígéètì 9 sí 9 ni wọ́n pín ńbẹ̀, bí ẹ̀gbọ́n Gbénró ṣe wí.

Ìkejì, Ìráàkì. Oṣù kẹwàá 2002 Hillary dìbò nílé aṣòfin àgbà pé kí Bush ní àṣẹ láti jagun. Oṣù yẹn kan náà Obama, tó jẹ́ aṣòfin ìpínlẹ̀ Illinois lásán nígbà yẹn, dúró níbi ìwọ́de ní Chicago ó ní òun ò fara mọ́ ogun náà. Tó bá jẹ́ pé ó ti wà ní Washington nígbà yẹn, a ò mọ bí ì bá ṣe dìbò, àmọ́ kò sí ńbẹ̀, kò sí ìwé kankan tí wọ́n lè fi mú un. Ìṣòro sẹ́nétọ̀ tó bá fẹ́ ṣe ààrẹ nìyẹn, gbogbo ìbò tó ti dì ló wà lákọsílẹ̀, bó bá ṣe pẹ́ tó ńbẹ̀ ni ohun tí wọ́n máa fi bá a jà á ṣe pọ̀ tó. Láyé Amẹ́ríkà látìbẹ̀rẹ̀, sẹ́nétọ̀ mẹ́ta péré ló tíì ti orí àga sẹ́nétọ̀ bọ́ sórí àga ààrẹ tààrà, Harding lọ́dún 1920, Kennedy lọ́dún 1960, Obama. Kennedy ló pẹ́ jù nínú wọn ńbẹ̀, kò sì ju ọdún mẹ́jọ lọ.

Ìkẹta, owó. Òfin ọdún yẹn ni pé ẹnì kan ò lè fún olùdíje ní ju 2,300 dọ́là lọ fún ìdìbò abẹ́lé. Àwọn olówó Hillary ti fún un ní gbogbo 2,300 yẹn lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tí nǹkan bẹ̀rẹ̀, nígbà tí eré wá gùn, òfin ò jẹ́ kí wọ́n fi kún un mọ́. Àwọn ti Obama ń fi 25 dọ́là ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, lóṣù tó ń bọ̀ wọ́n tún fi 50 ránṣẹ́, ẹni tó fún un lánàá lè tún fún un lónìí. Títí oṣù kejì 2008 fi máa parí, àwọn tó ti fi owó sí i ti lé ní mílíọ̀nù kan èèyàn. Oṣù kejì yẹn nìkan, mílíọ̀nù 55 dọ́là ló wọlé fún un. Hillary ní tiẹ̀ ti ní láti yá kámpéènì ẹ̀ ní mílíọ̀nù 5 dọ́là látinú àpò ara ẹ̀ nígbà tí oṣù kìíní ń parí lọ. Owó táwọn èèyàn ń fi ránṣẹ́ sí Obama ni wọ́n fi ṣí ọ́fíìsì ní Idaho tí ẹ̀gbọ́n Gbénró ń sọ, ẹ má jẹ́ ká ya méjèèjì sọ́tọ̀.

Ìyá_Ìbejì:

Ẹ jẹ́ kí n dá sí ti Texas, torí Houston ni mò ń gbé nígbà yẹn, mo ti di ọmọ onílùú, mo sì dìbò ńbẹ̀. Ọmọ_Àkànkẹ́, ẹ̀gbọ́n yín ò parọ́ pé Hillary ní ìbò jù ní Texas, ó ní bíi 51, Obama ní 47. Àmọ́ Obama ló kó dẹ́lígéètì tó pọ̀ jù ńbẹ̀, ó dẹ̀ ní bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Texas ọdún yẹn, ẹ̀ẹ̀mejì lèèyàn máa dìbò lọ́jọ́ kan náà. Ẹ máa kọ́kọ́ lọ tẹ ìbò yín bíi gbogbo èèyàn, tó bá wá di aago méje àbọ̀ ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lálẹ́, tàbí ìgbà tí ẹni tó kẹ́yìn lórí ìlà bá dìbò tán, ẹ tún padà wá síbi tí wọ́n ti dìbò ní wọ́ọ̀dù yín fún kọ́kọ́ọ̀sì. Ẹni tí kò bá dìbò ṣáájú, kò lè bá wọn ṣe ti alẹ́. Nínú dẹ́lígéètì 193 tí wọ́n fẹ́ pín, 126 ló wà nínú ìbò, 67 tó kù wà nínú kọ́kọ́ọ̀sì.

Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni tiwa. Nígbà tí mo máa padà dé lálẹ́ yẹn mi ò ríbi gbé mọ́tò sí, àwọn èèyàn ti tò látẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn débi tí ọmọ máa ń ṣeré. Ohun tí ẹ máa ṣe ò ju pé kẹ́ ẹ dé ìdí tábìlì, kẹ́ ẹ kọ orúkọ yín, àdírẹ́sì yín, kẹ́ ẹ wá kọ orúkọ olùdíje tẹ́ ẹ fẹ́ sí àlàfo tó kẹ́yìn lórí ìwé. Kò jù bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ìlà ò lọ, ìwé tán, wọ́n tún lọ ṣe fótókọ́pì, bírò ò tó. Ọmọbìnrin kan wà tó ń bá Obama ṣiṣẹ́, kò lè ju ọmọ ogún ọdún lọ, tọ́ọ̀ṣì kékeré kan wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó ń lọ ó ń bọ̀ lórí ìlà yẹn, ó ń bi olúkúlùkù pé ṣé ẹ ti dìbò láàárọ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má lọ sílé o, ìbò yín ò tíì pé. Ó mọ òfin yẹn bí ẹni mọ orúkọ ara ẹ̀. Àwọn méjì kan tó dúró níwájú mi ti fẹ́ máa lọ torí òtútù, òun ló dá wọn dúró. Àwọn ti Hillary náà wá, àwọn màmá àgbà ló pọ̀ nínú wọn, wọ́n gbìyànjú gan-an, àmọ́ mi ò rí ẹni tó ń tọ ìlà bíi ti ọmọ yẹn. Nígbà tí wọ́n kà á tán ní wọ́ọ̀dù tiwa, a bẹ̀rẹ̀ sí í yan àwọn tó máa lọ ṣojú wa ní àpérò tó tẹ̀ lé e, ó ti ń lọ sí aago mẹ́wàá àbọ̀.

Nígbà tí gbogbo ẹ̀ wá jáde, nínú ìbò ọ̀sán Hillary gba 65, Obama 61. Nínú kọ́kọ́ọ̀sì Obama gba 38, Hillary 29. Ẹ ro ó pọ̀, 99 sí 94.

Ibì kan wà tí mi ò fara mọ́ o, màá sọ ọ́. Àwọn nọ́ọ̀sì ẹlẹgbẹ́ mi tó wà lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́ ò lè wá, àwọn tó ní ọmọ ọwọ́ ò lè dúró wákàtí mẹ́ta. Àwọn Hillary pariwo ẹ̀ nígbà yẹn pé kọ́kọ́ọ̀sì ń fi ìyà jẹ òṣìṣẹ́, òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Texas ti fòpin sí dídìbò lẹ́ẹ̀mejì yẹn látọdún 2016, inú mi dùn sí i. Síbẹ̀ òfin tó wà nílẹ̀ nìyẹn kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ kámpéènì, ẹnu tọ̀tún-tòsì ló sì kà á.

Adéìtàn:

Ọmọ_Àkànkẹ́, ó kù ẹ̀sùn tí ẹ̀gbọ́n ẹ fi kan àwọn àgbààgbà, kò sẹ́ni tó tíì dáhùn ẹ̀ tààrà, jẹ́ n gbìyànjú.

Lóòótọ́, àwọn súpà dẹ́lígéètì wà. Àwọn gómìnà ẹgbẹ́, sẹ́nétọ̀, ọmọ ilé aṣojú-ṣòfin, àwọn ààrẹ àná, àtàwọn ọmọ ìgbìmọ̀ àpapọ̀ ẹgbẹ́ ni wọ́n. Lọ́dún 2008 wọ́n tó bíi 800, ìdá kan nínú márùn-ún gbogbo dẹ́lígéètì, nígbà yẹn kò sí ìbò aráàlú tó lè dè wọ́n, ẹni tó wù wọ́n ni wọ́n lè tì lẹ́yìn. Bill Clinton fúnra ẹ̀ wà nínú wọn. Àmọ́ nígbà tí ọdún 2008 bẹ̀rẹ̀, Hillary ló ní èèyàn jù láàárín wọn, ó fi Obama sílẹ̀ jìnnà. Ìyẹn ni pé tó bá jẹ́ pé àgbààgbà ló ń pín tíkẹ́ẹ̀tì, ọdọ̀ Hillary ni ì bá lọ, kí ẹnikẹ́ni tó dìbò ní Iowa. Oṣù karùn-ún ni Obama ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá a láàárín wọn, lẹ́yìn ọjọ́ 6 oṣù yẹn tó gba North Carolina pẹ̀lú 56 sí 42, tí Hillary sì fi ìbò bíńtín gba Indiana. Aráàlú ló ṣáájú, àwọn àgbà tẹ̀ lé wọn.

Ẹ wo John Lewis ti Georgia, ọkùnrin tí wọ́n lù lórí afárá ní Selma lọ́dún 1965 torí ẹ̀tọ́ ìdìbò adúláwọ̀. Hillary ló kọ́kọ́ tì lẹ́yìn, ọ̀rẹ́ wọn ti pẹ́. Ọjọ́ 5 oṣù kejì, àwọn tó ń ṣojú fún ní Atlanta dìbò rẹpẹtẹ fún Obama. Kí oṣù yẹn tó parí, ó kúrò lẹ́yìn Hillary, ó lọ sọ́dọ̀ Obama. Mo gbà pé kò rọrùn fún un rárá. Ẹni tó fi ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ jà kí àwọn èèyàn ẹ̀ lè dìbò, báwo ló ṣe máa wá lo ìbò tiẹ̀ tako tiwọn?

Òfin pínpín tí Gbénró ṣàlàyé ẹ̀ náà ní ìtàn, mo sì fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n ẹ mọ̀ ọ́n. Lọ́dún 1968, Humphrey tó jẹ́ igbákejì ààrẹ gba tíkẹ́ẹ̀tì ẹgbẹ́ láìbá wọn díje nínú ìdìbò abẹ́lé kankan, àwọn àgbààgbà ló fún un ní Chicago, tí ọlọ́pàá sì ń na àwọn ọ̀dọ́ níta. Tíyẹn ló rí bí ẹ̀gbọ́n ẹ ṣe ń sọ. Ìtìjú yẹn ló jẹ́ kí wọ́n gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ tí Sẹ́nétọ̀ George McGovern ṣe alága ẹ̀, àwọn ló sọ pé ìbò àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ló gbọ́dọ̀ máa yan dẹ́lígéètì. McGovern fúnra ẹ̀ wá díje lábẹ́ òfin tuntun yẹn lọ́dún 1972, ó gba tíkẹ́ẹ̀tì, àmọ́ Nixon nà án ní ìpínlẹ̀ 49. Ìyẹn ló dẹ́rù ba àwọn àgbààgbà tí wọ́n fi dá súpà dẹ́lígéètì sílẹ̀ lọ́dún 1982, kí wọ́n lè ní ọwọ́ nínú ẹ̀ padà. Jesse Jackson, pásítọ̀ adúláwọ̀ kan, náà díje lọ́dún 1984 àti 1988, ó rí i pé ìbò òun pọ̀ ju dẹ́lígéètì tí wọ́n ń fún òun lọ, ó jà fún un lọ́dún 1988 títí wọ́n fi gbà pé gbogbo ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ máa pín in bí ìbò bá ṣe rí. Ogún ọdún lẹ́yìn ẹ̀, òfin tí Jackson jà fún yẹn ni kò jẹ́ kí Hillary lè fi California àti New York ṣẹ́gun Obama. Mo máa ń fẹ́ kí àwọn èèyàn dárúkọ Jackson tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ 2008, wọn kì í dárúkọ ẹ̀ tó.

Ọmọ_Àkànkẹ́:

Ẹ ṣé gan-an ni, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, màmá wa Ìyá Ìbejì, ẹ ṣé. Mo ti ka gbogbo ẹ̀ sétí ẹ̀gbọ́n mi. Ọ̀rọ̀ John Lewis yẹn wọ̀ wọ́n lára, wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Àmọ́ wọ́n ní ó ku ohun kan, wọ́n ní kí n bi yín nípa Florida àti Michigan, pé Hillary borí níbẹ̀ méjèèjì tí ẹgbẹ́ sì sọ pé àwọn ò ní ka ìbò wọn. Wọ́n ní ṣé ìyẹn náà kì í ṣe ọwọ́ àgbààgbà?

Gbénró:

Ó dáa bí wọ́n ṣe béèrè ẹ̀, torí ìyẹn ló gbóná jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Ẹgbẹ́ ti sọ ṣáájú pé yàtọ̀ sí Iowa, New Hampshire, Nevada àti South Carolina, kí ìpínlẹ̀ kankan má dìbò ṣáájú ọjọ́ 5 oṣù kejì. Michigan lọ fi tiẹ̀ sí ọjọ́ 15 oṣù kìíní, Florida sí ọjọ́ 29. Ẹgbẹ́ bá gba gbogbo dẹ́lígéètì wọn, kí ọdún 2007 tó parí nìyẹn o, kò tíì sẹ́ni tó mọ ẹni tó máa wọlé. Àwọn olùdíje gbà pé àwọn ò ní ṣe kámpéènì ńbẹ̀. Ní Michigan, Obama àti Edwards yọ orúkọ wọn kúrò nínú ìwé ìbò, Hillary fi tiẹ̀ sílẹ̀. Ó ní 55, àwọn bíi 40 nínú 100 dìbò pé àwọn ò fẹ́ ẹnì kankan nínú àwọn tó wà lórí ìwé. Ìbò tí orúkọ ẹnì kejì ò sí ńbẹ̀, kò lè rọrùn láti kà á bí ìbò gidi. Ti Florida ló ṣe mí láàánú jù, orúkọ gbogbo wọn wà ńbẹ̀, àwọn èèyàn jáde lọ́pọ̀ yanturu, Hillary ní 50, Obama 33, àwọn olùdìbò yẹn ò sì mọwọ́ mẹsẹ̀ nínú ẹni tó yan ọjọ́ ìdìbò wọn.

Ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún, ìgbìmọ̀ tó ń rí sí òfin ẹgbẹ́ jókòó ní Washington, wọ́n ṣe é lójú gbogbo èèyàn lórí tẹlifíṣọ̀n, àwọn èèyàn Hillary ń pariwo lẹ́yìn gbọ̀ngàn. Wọ́n pinnu pé kí ìpínlẹ̀ méjèèjì wọlé, àmọ́ kí ìbò dẹ́lígéètì kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìdajì. Iye tí ẹni tó bá máa gba tíkẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ ní wá gòkè láti 2,025 sí 2,118. Ọjọ́ 3 oṣù kẹfà, ọjọ́ tí Montana àti South Dakota dìbò, Obama kọjá iye yẹn, Hillary ló sì gba South Dakota lọ́jọ́ náà. Lóṣù kẹjọ, kí àpérò ẹgbẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní Denver, wọ́n dá ìbò Florida àti Michigan padà fún wọn ní pípé. Bẹ́ ẹ bá ro ó ní pípé yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀, Obama ṣì wà níwájú nínú dẹ́lígéètì tí ìbò aráàlú yàn, láìka súpà dẹ́lígéètì kankan mọ́ ọn.